Jimi Hendrix: onígìtá tí kò sí irú gbọ̀ngàn tí kò ṣeré rí, àti ilé tó kọ́ kẹ́yìn

Lọ́jọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 1970, wọ́n ṣe àríyá ìṣílé kan ní òpópónà West 8th Street, nílùú New York. Abẹ́ ilẹ̀ ni ibẹ̀ wà, èèyàn máa sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kó tó wọlé. Ọmọ ọdún 27 lẹni tó ni ín, òun sì ni onígìtá tí òkìkí ẹ̀ kàn jù lọ lásìkò yẹn: Jimi Hendrix. Owó tí wọ́n ná sórí ilé yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù kan dọ́là, wọ́n yáwó kún un, omi ya wọ ibẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó parí, wọ́n jẹ, wọ́n mu. Ọjọ́ 23 lẹ́yìn ẹ̀ ni Jimi kú sí ìlú London.

Kí lọmọ ọdún 27 fẹ́ fi ilé abẹ́ ilẹ̀ tó gbówó lórí bẹ́ẹ̀ ṣe? Ohun tí mo fẹ́ ká jọ wò lónìí nìyẹn. Ẹ ti gbọ́ ti gìtá tó dáná sun, ẹ ti gbọ́ ti irun ẹ̀ àti aṣọ aláràbarà tó ń wọ̀, ẹ sì ti gbọ́ ti oògùn. Àmọ́ àwọn tó ń sọ ìtàn ẹ̀ kì í sábà dúró lórí àwọn ibi tó ti ń ta gìtá, bẹ́ẹ̀ kò sí bá a ṣe fẹ́ gbọ́ ohùn gìtá yẹn yé tá a bá yọ ilé kúrò nínú ẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹgbẹ́ olórin kan ṣeré lábẹ́ kánópì ládùúgbò lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo ohun tí gìtá ń wí lẹ gbọ́ ketekete. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹgbẹ́ yẹn kan náà wọ event centre olówó ńlá, ilẹ̀ ẹ̀ jẹ́ táìsì, ògiri ẹ̀ jẹ́ gíláàsì, òrùlé ẹ̀ ga fíofío, gìtá wá ń dún gbuu bí ẹni pé inú àgbá ló wà. Ohun tónígìtá ti ta kọjá ń bá èyí tó ń ta lọ́wọ́ jà. Àwa á wá máa bú onísáùǹdì. Nígbà míì, onísáùǹdì ò mọwọ́ mẹsẹ̀, ilé náà ló ń dá tiẹ̀ kọ.

Ìlú Seattle, lápá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ni wọ́n bí Jimi sí lọ́jọ́ 27 oṣù kọkànlá ọdún 1942. Johnny Allen lorúkọ tí ìyá ẹ̀, Lucille, kọ́kọ́ sọ ọ́, nítorí bàbá ẹ̀, Al, wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun. Nígbà tí bàbá dé tó gba ọmọ ẹ̀ sọ́dọ̀, ó yí orúkọ náà padà sí James Marshall lọ́dún 1946. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Marshall yẹn sọ́kàn, a ṣì máa kàn án níwájú. Ìyà jẹ ọmọ náà gan-an. Bàbá àti ìyá kọ ara wọn sílẹ̀, ìyá sì kú lọ́dún 1958, nígbà tí Jimi jẹ́ ọmọ ọdún 15. Ibi tó ti ń bá bàbá ẹ̀ kó ìdọ̀tí nílé onílé ló ti rí ukulele kan, irú gìtá kékeré tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn, tó ṣẹ́ ku okùn kan ṣoṣo. Òun ló kọ́kọ́ ń ta. Nígbà tó yá ló ní gìtá onígi tí wọ́n rà ní dọ́là 5. Ọwọ́ òsì ló ń lò, gìtá ọlọ́wọ́ ọ̀tún ló sì wà nílẹ̀, ló bá dorí ẹ̀ kodò, ó tún okùn ẹ̀ tò, ó ń bá a lọ. Bó ṣe ta á títí tó fi kú nìyẹn.

Gìtá onígi, inú ẹ̀ ṣófo. Okùn á gbọ̀n, igi á gbọ̀n, afẹ́fẹ́ tó wà nínú ihò yẹn á gbé ohùn jáde. Tẹ́ ẹ bá rò ó dáadáa, yàrá kékeré ni gìtá onígi gbé sáyà. Àmọ́ yàrá yẹn kéré sí ìlù. Nígbà tí Jimi bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ dá bándì sílẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ, ìlù àti fèrè gbé e mì pátápátá. Lọ́dún 1959, bàbá ẹ̀ ra gìtá oníná fún un. Gìtá oníná kò nílò ihò kankan nínú: wáyà ló ń gbé ohùn okùn lọ sínú ẹ̀rọ agbóhùnsókè, sípíkà á sì dà á sínú ilé. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ilé tí Jimi bá ti ń ṣeré ló di inú gìtá ẹ̀.

Eré àkọ́kọ́ tó máa bá bándì gidi ṣe, ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ilé ìjọsìn àwọn Júù kan ní Seattle ló ti ṣe é. Wọ́n ṣe ìdajì, wọ́n sinmi díẹ̀, kí wọ́n tó padà sórí ìtàgé wọ́n ti lé e dànù, torí àṣehàn ẹ̀ ti pọ̀ jù fún wọn.

Lọ́dún 1961, ọlọ́pàá mú un lẹ́ẹ̀mejì nínú mọ́tò tí wọ́n jí gbé. Ó di ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n tàbí iṣẹ́ ológun, ó mú iṣẹ́ ológun. Wọ́n gbé e lọ sí Fort Campbell, ní Kentucky, pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun tó ń fi páráṣúùtì bẹ́ láti ojú òfurufú. Jimi kì í ṣe sójà tó dáa, kò sì pẹ́ níbẹ̀. Lọ́dún 1962 ló jáde. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tó dùn mọ́ mi. Sójà míì kan, Billy Cox, ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbafẹ́ àwọn ológun, ó gbọ́ gìtá láti ojú fèrèsé. Kò tíì rí ẹni tó ń ta á. Ohùn tó jáde sí ìta yẹn nìkan ló mú un wọlé lọ kí onígìtá, tó sì ní òun náà ń ta béèsì. Àwọn méjèèjì jọ ṣiṣẹ́ títí dé òpin.

Lẹ́yìn iṣẹ́ ológun ni ilé ẹ̀kọ́ gidi bẹ̀rẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, ẹlẹ́yàmẹ̀yà pọ̀ ní gúúsù Amẹ́ríkà, àwọn olórin aláwọ̀ dúdú ní ibi tiwọn tí wọ́n ti ń ṣeré: ilé ọtí, gbọ̀ngàn ijó, ilé eré tó wà ládùúgbò aláwọ̀ dúdú. Chitlin circuit ni wọ́n ń pe gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ìfun ẹlẹ́dẹ̀ ni chitlin, oúnjẹ tálákà. Jimi gbé ní Nashville, ó ta gìtá ní Jefferson Street pẹ̀lú Billy Cox, ó bọ́ sójú ọ̀nà tẹ̀ lé olórin oríṣiríṣi. Lọ́dún 1964 ó wà lẹ́yìn Isley Brothers, lọ́dún 1965 ó wà lẹ́yìn Little Richard. Lálẹ́ òní ilé ọtí kóńkó, lálẹ́ ọ̀la ilé eré ńlá tó ní báńkónì.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ níbí. Ẹni tó kọ́kọ́ fi ìṣirò gbé ọ̀rọ̀ ilé àti ohùn yìí kalẹ̀ ni Wallace Sabine, olùkọ́ kan ní Yunifásítì Harvard. Lọ́dún 1895 ni wọ́n gbé gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ kan lé e lọ́wọ́, nítorí kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ níbẹ̀. Òru ni Sabine máa ń lọ síbẹ̀, nígbà tí ariwo ìgboro bá ti rọlẹ̀. Á kó tìmùtìmù orí àga ilé eré kan wọlé díẹ̀díẹ̀, á sì máa ka àkókò tí ìró fi ń kú. Nígbà tí gbọ̀ngàn náà ṣófo, ìró kan lè pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá 5 àbọ̀ kó tó parẹ́. Fúnra yín, ẹ fojú inú wò ó, kí olùkọ́ máa sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ tó ti sọ ní ìṣẹ́jú àáyá 5 sẹ́yìn! Bí tìmùtìmù ṣe ń pọ̀ sí i ni ìró ń tètè kú. Ara èèyàn náà ń ṣiṣẹ́ tìmùtìmù, pàápàá tó bá wọṣọ tó nípọn. Ohun tó jẹ́ kí sound check agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ máa tan àwọn olórin jẹ nìyẹn: gbọ̀ngàn tó ṣófo ni wọ́n fi dán gìtá wò, gbọ̀ngàn tó kún ni wọ́n máa ṣeré fún. Agbádá àti gèlè tẹ́ ẹ wé lọ sóde, kì í ṣe fọ́tò nìkan ló wúlò fún, ó ń gbé ohùn mì.

Kò sẹ́ni tó kọ́ Jimi ní ìṣirò Sabine. Ojú ọ̀nà ló ti kọ́ ọ, lóru dé òru.

Nígbà tó di 1966, ó ti sú u láti máa dúró sẹ́yìn ẹlòmíì. Ó dá ẹgbẹ́ kékeré tiẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń ṣeré ní Cafe Wha?, ní Greenwich Village, New York. Abẹ́ ilẹ̀ nìyẹn náà wà. Ilé abẹ́ ilẹ̀ ní ìwà tiẹ̀. Okùn tó nípọn jù lọ lórí gìtá máa ń gbọ̀n ní ìgbà 82 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, gígùn ìgbì ìró ẹ̀ sì lé díẹ̀ ní mítà 4. Tí àjà ilé bá ga ní ìdajì ìyẹn, bíi mítà 2, ohùn yẹn máa ń há sáàárín ilẹ̀ àti àjà, á máa lù padà bọ̀, á wú ju àwọn ohùn yòókù lọ. Onígìtá á fọwọ́ kan okùn yẹn jẹ́jẹ́, ilé á bú ramúramù. Onígìtá tí kò bá mọ̀, á máa bá ẹ̀rọ ẹ̀ jà. Èyí tó bá mọ̀, á fi ilé kún bándì.

Ibẹ̀ ni Chas Chandler bá a. Chandler ló ń ta béèsì nínú ẹgbẹ́ The Animals, ó fẹ́ fi orin títa sílẹ̀ kó máa ṣe màníjà fún àwọn ẹlòmíì. Ó wo ọmọ yìí lẹ́ẹ̀kan, ó ti tó o. Lọ́jọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1966, wọ́n jọ gúnlẹ̀ sí London. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan wọ́n ti rí Noel Redding fún béèsì àti Mitch Mitchell fún ìlù, ẹgbẹ́ Jimi Hendrix Experience ti dúró.

Ní London ló ti pàdé orúkọ ẹ̀. Jim Marshall, onílùú àti onísọ́ọ̀bù kan ní ìwọ̀-oòrùn ìlú náà, ló ń ṣe ẹ̀rọ agbóhùnsókè tó lágbára gan-an nígbà yẹn: wáàtì 100, pẹ̀lú àpótí sípíkà méjì tí wọ́n tò léra, tí sípíkà mẹ́rin sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá tò ó tán, ó ga ju èèyàn lọ. Jim Marshall tà á, James Marshall Hendrix rà á. Kì í ṣe ẹbí o, orúkọ ló bára mu.

Ẹ̀rọ yìí ló gbé ohun tí wọ́n ń pè ní feedback dé ọwọ́ Jimi. Ẹni tó bá ti di máìkì mú sún mọ́ sípíkà rí mọ̀ ọ́n, ariwo tó máa ń han wíìì tí gbogbo èèyàn á fi dì etí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ohùn tó jáde nínú sípíkà tún wọnú máìkì padà, ẹ̀rọ tún gbé e sókè, ó tún jáde, ó tún wọlé. Ti gìtá náà kò yàtọ̀ púpọ̀: ariwo sípíkà máa ń mi okùn gìtá fúnra ẹ̀, okùn á wá máa dún láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ọ̀pọ̀ onígìtá tó ṣáájú ń sá fún un. Jimi sọ ọ́ di orin. Tó bá fẹ́ kí ohùn kan má kú, á yíjú sí sípíkà. Tó bá sún mọ́ ọn ní ẹsẹ̀ bàtà kan tàbí méjì, tàbí tó yí ara sí ẹ̀gbẹ́, ohùn míì á yọ. Ilé wà nínú ọ̀rọ̀ yìí náà, torí kì í ṣe ohùn tó ti iwájú sípíkà wá nìkan ló ń mi okùn, èyí tó lu ògiri padà náà ń mi ín. Ibi tó dúró sí lálẹ́ àná tó fi rí ohùn kan, tó bá dúró síbẹ̀ nínú gbọ̀ngàn míì lálẹ́ òní, ohùn yẹn lè má jáde. Ó ní láti wá a kiri orí ìtàgé. Àwọn tó ń wò ó rò pé ijó ló ń jó. Ó ń jó lóòótọ́, àmọ́ ó tún ń wá ibi tí ohùn wà.

Òkìkí ẹ̀ wá ga ju gbọ̀ngàn kéékèèké lọ. Lọ́jọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 1967 ló ṣeré ní Monterey, ní California, níta gbangba, ló bá dáná sun gìtá, Amẹ́ríkà sì mọ̀ pé ọmọ tó sá lọ sí London ti dé. Láti ìgbà yẹn, bí owó ṣe ń wọlé ni gbọ̀ngàn ń tóbi. Ó tún wá di pé bí gbọ̀ngàn ṣe ń tóbi ni ohùn ń bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ wo Royal Albert Hall, ní London. Jimi ṣeré níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú oṣù kejì ọdún 1969, lọ́jọ́ 18 àti ọjọ́ 24. Ilé tó lẹ́wà ni, ọdún 1871 ni wọ́n ṣí i. Ó rí bí ẹyin, òrùlé ẹ̀ sì rí roboto bí igbá tí wọ́n dojú ẹ̀ dé. Irú òrùlé bẹ́ẹ̀ kì í fọ́n ohùn ká, ṣe ló máa ń kó o jọ, á sì dà á padà sójú kan. Òrùlé yẹn ga tó mítà 41. Ìró máa ń rin bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ohùn tó bá gòkè lọ tó sì bọ̀ wálẹ̀ á lo bí ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá. Ó lè dà bíi pé ìyẹn kéré, àmọ́ nínú orin tí ìlù ẹ̀ ń lu ìgbà 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìdámẹ́rin yẹn bọ́ sí agbede méjì ìlù kan sí èkejì gẹ́lẹ́. Ìlù Mitch Mitchell tó ń sáré bí òjò á wá di méjì-méjì, gìtá tó ń fa ohùn gígùn á sì máa rìn lórí òjìji ara ẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí ilé náà ni gbohùngbohùn ẹ̀ ti ń da àwọn olórin láàmú. Wọ́n ta aṣọ sábẹ́ òrùlé, nígbà tó yá wọ́n fi páànù alúmíníọ̀mù rọ́pò aṣọ. Ọdún 1969 yẹn kan náà ni wọ́n so àwo ńláńlá 135 kọ́ sábẹ́ òrùlé, tó rí bí olú, kó lè máa fọ́n ohùn ká kó tó gòkè jù. Ẹni tó bá wọbẹ̀ lónìí tó gbójú sókè ṣì máa rí wọn, àmọ́ wọ́n ti dín wọn kù.

Ibi tó yàtọ̀ sí ìyẹn pátápátá ni Woodstock. Àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ ọdún 1969, ni Jimi gun orí ìtàgé níbẹ̀. Ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ló ti wà lórí pápá yẹn láti ọjọ́ Fúráìdé, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa kàn án, èyí tó pọ̀ jù ti kó ẹrù wọn lọ sílé. Pápá ni, kò sí ògiri, kò sí òrùlé. Ohùn tó bá ti kúrò nídìí sípíkà ti lọ nìyẹn, kò ní padà wá kí ẹni tó rán an níṣẹ́. Fún ẹgbẹ́ tó ní ìlù púpọ̀, ó lè jẹ́ ìgbàlà, gbogbo nǹkan á mọ́ gaara. Fún onígìtá tó ti mọ́ lára láti máa fi ilé ta gìtá, ṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ tí kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Nígbà tó ta orin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà láàárọ̀ yẹn, tó fi gìtá ṣe ohùn bọ́ǹbù àti ohùn ọkọ̀ òfurufú nítorí ogun Vietnam, sípíkà tó wà lẹ́yìn ẹ̀ nìkan ló ní láti bá a ṣiṣẹ́. Ìdí kan nìyẹn tí orin yẹn fi gbẹ bẹ́ẹ̀, tó mú bí abẹ: kò sí ilé tó máa rọ̀ ọ́ lórí.

Tẹ́ ẹ bá bi mí, ibi tí ohùn ẹ̀ ti dáa jù lójú ìtàgé kò tóbi, kò sì sí níta. Fillmore East ni, ilé sinimá àtijọ́ kan ní Second Avenue, New York, tó ń gba bí èèyàn 2,600. Ilé sinimá ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ohùn mì: àga onítìmùtìmù, èèyàn tó jókòó pẹ́kípẹ́kí. Ohùn kì í pẹ́ kó tó kú níbẹ̀, síbẹ̀ ó fẹ̀ tó láti jẹ́ kí sípíkà mí. Lálẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1969 àti lọ́jọ́ kìíní ọdún 1970, Jimi ṣe eré méjì méjì níbẹ̀. Billy Cox, sójà àná ọjọ́sí, ló wà lórí béèsì, Buddy Miles ló ń lùlù. Wọ́n gba eré yẹn sílẹ̀, wọ́n sì gbé e jáde bíi Band of Gypsys. Ẹ wá orin tó ń jẹ́ Machine Gun níbẹ̀, kẹ́ ẹ fi earpiece gidi gbọ́ ọ, kì í ṣe sípíkà fóònù. Ohùn gìtá kan wà níbẹ̀ tó fà gùn, tó kọ̀ tí kò kú. Ọwọ́ ń bẹ níbẹ̀, ẹ̀rọ ń bẹ níbẹ̀, ilé náà ń bẹ níbẹ̀.

Àmọ́ kò sẹ́ni tó lè gbé Fillmore East rìnrìn àjò. Nígbà náà, Jimi ń ti pápá bọ́ọ̀lù bọ́ sí gbọ̀ngàn eré ìdárayá, àwọn ilé tí wọ́n kọ́ fún bọ́ọ̀lù àti hockey, kọnkéré àti irin lásán. Tó bá ti padà sí New York, ó máa ń sá wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀, á sì máa gba orin sílẹ̀ mọ́jú. Sítúdíò àyálò sì ni, wákàtí wákàtí ni owó ń lọ. Èyí tó pọ̀ nínú Electric Ladyland, àwo ọdún 1968, Record Plant ló ti ṣe é, owó tó lọ sí i kò kéré.

Òun àti màníjà ẹ̀, Michael Jeffery, ti ra ilé ijó abẹ́ ilẹ̀ kan ní 52 West 8th Street lọ́dún 1968. Wọ́n fẹ́ tún un ṣe kí Jimi àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ máa ṣeré níbẹ̀. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún John Storyk, ayàwòrán ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, ọmọ ọdún 22. Ìgbà yẹn ni Eddie Kramer, ẹnjiníà tó ń gba orin Jimi sílẹ̀, wọbẹ̀, tó wò ó, tó sì ní kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ ilé ijó tì, kí wọ́n fi ibẹ̀ ṣe sítúdíò. Jimi gbà. Storyk kò tíì kọ́ sítúdíò rí láyé ẹ̀, ó lọ ń ka ìwé.

Ohun tí Jimi ń béèrè kò le: ó fẹ́ ibi tó máa tù ú lára. Kí ògiri àti fèrèsé rí roboto, kí iná aláwọ̀ oríṣiríṣi wà, kó má dà bí ọ́fíìsì. Ìtura ọkàn ló ń wá, ṣùgbọ́n ó bá ọ̀rọ̀ ohùn mu. Ògiri méjì tó kọjú síra wọn gbọọrọ máa ń ju ìró síra wọn bíi bọ́ọ̀lù, ẹ pàtẹ́wọ́ nínú yàrá tí kò sí àga kẹ́ ẹ gbọ́. Ojú tó bá tẹ̀ yọ síta máa ń fọ́n an ká. Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n bá omi. Odò àtijọ́ kan ń ṣàn lábẹ́ apá ìlú yẹn, ó sì ya wọ inú ilé. Wọ́n ní láti gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi síbẹ̀, kí wọ́n tún wá bí ariwo ẹ̀rọ náà kò ṣe ní wọnú orin. Owó tán, iṣẹ́ dúró, Jimi lọ ṣeré lọ́nà jíjìn kí owó lè wọlé, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n yáwó lọ́wọ́ Warner. Ẹ ò rí nǹkan: àwọn gbọ̀ngàn kọnkéré tó ń ba ohùn ẹ̀ jẹ́ ló ń san owó ilé tó máa tún un ṣe.

Nígbà tí ọdún 1970 dé àárín, kí ilé náà tó parí pátápátá, ó ti ń gba orin sílẹ̀ níbẹ̀. Electric Lady ni wọ́n sọ ọ́.

Kété lẹ́yìn àríyá ọjọ́ 26 yẹn, ó wọ bàálù lọ sí Yúróòpù, gbèsè ń dúró dè é. Ní òru tó mọ́jú ọjọ́ 31, ó ṣeré ní erékùṣù Wight, gúúsù England, níwájú èrò tí ojú kò lè tó òpin ẹ̀, ohùn rédíò àwọn ẹ̀ṣọ́ sì ń wọnú ẹ̀rọ agbóhùnsókè, ó ń jáde láàárín orin. Lọ́jọ́ 6 oṣù kẹsàn-án, ó ṣeré lórí erékùṣù Fehmarn ní Jámánì, lẹ́yìn tí ìjì àti òjò ti dá a dúró láti ọjọ́ tó ṣáájú. Pápá tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ ni méjèèjì. Billy Cox ṣàìsàn, ìrìn àjò dópin.

Lálẹ́ ọjọ́ 16, Jimi rọra yọ́ wọ Ronnie Scott's, ilé orin kékeré kan ní Soho, ní London, ibi tí Eric Burdon àti ẹgbẹ́ War ti ń ṣeré. Ó bá wọn ta gìtá díẹ̀. Kò sí ìpolówó, kò sí èrò tó pọ̀ rẹpẹtẹ. Ìgbà ìkẹyìn tó ta gìtá ní gbangba nìyẹn, nínú irú gbọ̀ngàn tó ti bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ 18 ni wọ́n gbé e kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Notting Hill lọ sí ọsibítù, ó ti kú. Oògùn oorun tó lò ti pọ̀ jù, èébì sì há a lọ́nà ọ̀fun. Wọ́n gbé e padà sílé, wọ́n sin ín sí Renton, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Seattle.

Eddie Kramer àti Mitch Mitchell ló jókòó sí Electric Lady láti parí orin tó fi sílẹ̀. Àwo The Cry of Love jáde lọ́dún 1971, púpọ̀ nínú ẹ̀ ló jẹ́ èyí tó ta nínú ilé yẹn. Stevie Wonder wọlé tẹ̀ lé e, ó ṣe lára Talking Book níbẹ̀. David Bowie àti John Lennon ṣe Fame níbẹ̀. D'Angelo jókòó síbẹ̀ pẹ́pẹ́ kó tó gbé Voodoo jáde lọ́dún 2000. Storyk, ọmọ ọdún 22 tí kò kọ́ sítúdíò rí, kò kúrò nídìí iṣẹ́ náà mọ́, káàkiri ayé ló ti ń kọ́ ọ. Electric Lady sì ṣì ń ṣiṣẹ́, ní abẹ́ ilẹ̀ kan náà, lórí omi kan náà.